Ẹni Tó Fi Kílípù Dúdú Mú Orí Bátìrì

Ìsíkíẹ́lì Ògúnjọbí, bàbá tó bí ìyá mi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn la sin ín sí Aramọkọ. Ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní kò yẹ ká sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Mo gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ físíìsì, mo mọ ohun tó yẹ àti ohun tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ sí ojú ìwé kẹrin, lábẹ́ àwòrán Bàbá níbi tó ti dé fìlà àrán. Délé, ọmọ àbúrò ìyá mi ọkùnrin, ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ní gbogbo ọdún tí Bàbá fi ṣe iṣẹ́ bátìrì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bátìrì bú gbàmù ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ọwọ́ ọmọbìnrin kan tí kò gbọ́ràn ló sì ti ṣẹlẹ̀.”

Èmi ni ọmọbìnrin náà. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìjókòó iwájú ni mo wà, àwọn tó mọ̀ mí sì ń yí ojú wò mí. Ẹni kan lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ sí ẹnì kejì rẹ̀ létí pé, “Títí Gbàmù rèé.” Mo gbọ́ ọ. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ èyí. N kò ní sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Bàbá tàbí ilé ìwé tó lọ. Délé ti kọ ìyẹn. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá kì í kí ènìyàn kó tó kí bátìrì rẹ̀. Mítà kékeré kan, èyí tó ń sọ iye fóòtì, ìyẹn agbára iná, tó kù nínú bátìrì, wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán tòru, ó so ó mọ́ okùn bàtà. Bí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ àna ẹni ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Bàbá máa sọ ni, “Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.” Ní ọdún kan, àlùfáà tuntun wá kí i. Bàbá kò jẹ́ kó jókòó. Ó ki mítà bọ orí bátìrì, ó wò ó, ó ní, “Àlùfáà, ọkọ̀ yín kò ní jí lọ́la.” Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọkọ̀ kò ní nǹkan kan.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin mẹ́fà ló ń ti ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù wa, àlùfáà ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bí mo bá bi yín pé ara ńkọ́, ẹ ó ní a dúpẹ́. Bátìrì kì í dúpẹ́. Iye tó bá kù ló máa sọ.”

Mo ti rántí gbólóhùn yẹn nígbà púpọ̀, torí ẹni tó sọ ọ́ kò fi ṣe ara rẹ̀ wò.

Aṣọ rẹ̀ gbogbo ló lu. Omi bátìrì ló jẹ wọ́n, ihò wẹ́wẹ́wẹ́ bí ẹni pé kòkòrò ló jẹ wọ́n. Ìyá àgbà máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nílé. Kò gbà. Ó máa yà sí ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ sí ìsìn, ó máa wo àwọn bátìrì tó wà lórí iná láti àná, ó sì máa fi ihò tuntun kan wọlé síwájú pẹpẹ. Ó ní kí a má ṣe tijú rẹ̀. “Aṣọ tí uṣẹ́ kò tíì jẹ, aṣọ ọ̀lẹ ni,” bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn Aramọkọ tí kò fi sílẹ̀ títí tó fi kú: uṣẹ́, ulé, uná.

Ní ti ọjọ́ tí bátìrì bú, báyìí ló ṣe rí.

Mo ti parí ìwé mẹ́wàá, mo ń retí èsì ìdánwò, mo sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe fẹ́ràn ọkọ tí mo padà fẹ́ lọ. Mo lè fi ìgò tó ń fa omi bátìrì mọ bátìrì tó yó yàtọ̀ sí èyí tí ebi ń pa, Bàbá sì ti sọ lójú ìyá mi pé èmi ni òun máa fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó kòkó bọ̀ láti Erijiyan kú sí iwájú wa. Bí bátìrì bá kú, wáyà méjì la fi ń fa iná fún un láti ara èyí tó yó, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Kílípù pupa, ìyẹn irin ẹnu wáyà tó ń di nǹkan mú, ló ń mú orí bátìrì méjèèjì. Ṣùgbọ́n kílípù dúdú tó kẹ́yìn, irin ara ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ mú, níbi tó jìnnà sí bátìrì, torí ó máa ń ta iná nígbà tó bá kọ́kọ́ kan irin, bátìrì sì máa ń mí afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń gbaná bíi pẹtiróòlù. Bàbá ló kọ́ mi. Kílípù dúdú yẹn wà lọ́wọ́ mi, mo ń wá irin tí kò ní ọ̀dà lára.

Awakọ̀ ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú lọ. Bàbá bi mí pé, “Kí lò ń wá?”

“Irin ni, Bàbá.”

“Irin wo? Ṣé o kò rí i pé ọkùnrin yìí fẹ́ lọ?”

Ó já kílípù gbà lọ́wọ́ mi, ó sì fi mú orí bátìrì.

N kò gbọ́ ìró rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀, ọrùn mi àti èjìká òsì ń jó, n kò sì ríran. N kò ní purọ́ mọ́ òkú: Bàbá ló gbà mí lọ́wọ́ ìfọ́jú. Ó ki orí mi bọ inú àgbá omi, ó fọ ojú mi, ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, títí omi àgbá fi tán, tó sì tún ránṣẹ́ sí odò. Mo gbọ́ tó ń pe orúkọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò pé, tí ìyá mi sáré dé, tó sì figbe ta pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ òun, ó yọ ọwọ́ kúrò lórí mi. Ó ní, “Mo ní kó fi mú ara ọkọ̀, ó fi mú orí.”

Mo la ẹnu. “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ…” Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Bàbá wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn èrò: “Ọmọ tó bá kàwé jù, etí rẹ̀ máa ń di.”

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pé: KÍLÍPÙ DÚDÚ, ARA ỌKỌ̀ NI O. Gbogbo ẹni tó bá kà á ló máa ń bèèrè ìtàn rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì ni èmi. Wọ́n dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn bàbá mi ní Ikoro. Délé, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ló padà jogún ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dà yẹn ti ṣí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Délé ti tún un kùn.

Bàbá kò fẹ́ràn kí ọkọ̀ mọ ohun tí òun kò mọ̀. Nígbà tí Délé ra píkọ́ọ̀pù rẹ̀, èyí tí gíláàsì kan wà níwájú awakọ̀ tó ń kọ iye fóòtì síta bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, Bàbá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó sínú rẹ̀. Gíláàsì kọ 14.4. Inú rẹ̀ dùn. Kí wọ́n tó yí dé ọjà, ó ti di 12.7. Bàbá ní ọ́tánétọ̀ tó ń fún bátìrì lóúnjẹ ti bàjẹ́. Délé pààrọ̀ rẹ̀. Kò yàtọ̀. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kò yàtọ̀. Nínú ìbínú, Bàbá fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ gbá táyà ọkọ̀, ó ní èké ni.

Èmi gba ìwé ọkọ̀ náà lọ sí Ikoro, mo kà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ bátìrì. Nǹkan dúdú kékeré kan wà lórí bátìrì níbi tí wáyà dúdú ti ń wọlé, bí ọdẹ tó dúró sẹ́nu géètì, tó ń ka iná tó wọlé àti iná tó jáde. Bó bá rí i pé bátìrì yó, á ní kí ọ́tánétọ̀ sinmi, iye á sì wálẹ̀. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tìrótù níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á tún bọ́ bátìrì, iye á gòkè. Mo padà wá, mo ṣàlàyé fún wọn lójú àwọn oníbàárà. Délé ní, “Àǹtí Títí, ẹ kú iṣẹ́ o,” bí ìgbà tí wọ́n ń kí ọmọdé tó ka ABD. Bàbá kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, “Ìwọ ka ìwé. Èmi ka bátìrì.”

Mo fi ìwé náà sínú báàgì mi. N kò dá a padà.

Ní ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, èémí ìyá mi kò já gaara mọ́. Òkè-Ìmẹ̀sí ló ń gbé. A ti ra ẹ̀rọ kan fún un tó ń fún un ní ọ́síjìn láti ihò imú, iná mànàmáná ló ń lò. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bátìrì ilé kú. Délé àti Bàbá, tó wá kí ọmọ rẹ̀, ló wà nílé pẹ̀lú mi, ètè ìyá mi sì ti ń dúdú. Délé ní kí a máa gbé e lọ sí ọsibítù l’Adó, kí a gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀, kí ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, máa fa iná rẹ̀ láti ara bátìrì píkọ́ọ̀pù. Ó dára. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá dúró tì í pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. “Délé, kílípù dúdú, ara ọkọ̀ ni kó o fi mú.”

Kò sí ẹni tí kò mọ gbólóhùn yẹn nínú ìdílé wa. Bàbá rọra yí padà.

“Ìwọ,” ó ní. “Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níbi tí kílípù dúdú ń mú?”

“Bàbá, ó wà nínú ìwé. Ọdẹ wà lórí bátìrì yẹn. Bí a bá fi mú orí, ẹ̀yìn ọdẹ la gbà kọjá, kò ní mọ̀ pé iná ń jáde. Á rò pé bátìrì ṣì yó, kò ní fún un lóúnjẹ.”

“Ìyẹn fún bátìrì tó kú. Ti ìnfátà yàtọ̀. Orí ni ìnfátà ń mú. Délé, fi mú orí.”

Délé fi mú orí. Ìyá mi, láti orí ìjókòó ẹ̀yìn, gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Mo rò pé omi ló fẹ́. Rárá. Ó ń sọ fún mi pé kí n dákẹ́.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò lè pa dé nítorí wáyà, okùn la fi dì í. Délé ń wa ọkọ̀, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mítà lọ́wọ́ àti ojú lórí gíláàsì. Èmi gbé orí ìyá mi lé àyà, ẹ̀rọ náà ń mí gùlẹ̀gùlẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa. Nígbà tí a kúrò nílé, 12.8. Ní ẹ̀yìn ìlú, 12.4. Mo ń wò ó láti àárín orí àwọn méjèèjì.

“Tẹ̀ ẹ́,” Bàbá ní. “Bó bá sáré, uná á wá.”

Délé tẹ̀ ẹ́. 12.2. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Délé gbé ẹsẹ̀, iye fò sókè sí 14.1. Bàbá lu orúnkún. “Ṣé o rí i!” Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òkè ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn parí sí. Bí a ṣe ń gun òkè, 12.0. 11.8.

“Délé, dúró,” mo ní.

“Bàbá ní kí n máa lọ, Àǹtí mi.”

“Ìyá mi ló wà lọ́wọ́ mi! Dúró!”

11.5. Ìnfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pìì, pìì, pìì. Èémí ìyá mi ń kúrú. A ti kọjá Ìtawúre, ilé kan kò sí nítòsí, àpáta àti igbó ni. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn Bàbá. Mo rí i tó fi mítà tirẹ̀ kan ẹnu wáyà tó wọ ìnfátà, tó wo gíláàsì ọkọ̀, tó tún wo mítà. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ fún un.

Ó ní, “Dá a dúró. Má pa ẹ́ńjìnnì.”

Ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Délé fẹ́ bọ́ sílẹ̀, Bàbá ní kó jókòó. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ lé ara ọkọ̀ títí tó fi dé iwájú, ó tú okùn. Láti ibi tí mo wà, láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ó yọ ọ̀bẹ, ó ha ọ̀dà kúrò lára irin kan. Ó ha á dáadáa. Lẹ́yìn náà ó pè mí.

“Títí! Kà á fún mi.”

Ó tú kílípù dúdú. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ojú ìyá mi là, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo ń ka, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kì í ṣe fóòtì ni mo ń kà, èémí rẹ̀ ni. Mo rí ọwọ́ Bàbá tó na kílípù sí irin tó ti ha. Ó fi kílípù mú ara ọkọ̀. Ìnfátà ké lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ náà kérora, ó sì jí.

“12.1,” mo pariwo. “12.9. 13.6. Bàbá, 14.2!”

Bàbá so okùn padà, ó wọlé, ó jókòó. Délé lu ọwọ́ mọ́ ọkọ̀. “Bàbá Bátìrì! Ẹ̀yin nìkan ni! Ẹ ò rí àwọn oníwèé!” Mo dúró. Mo ní báyìí ló máa sọ òótọ́, ojú ìyá mi là, etí rẹ̀ ń gbọ́. Bàbá nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ itan. Ó ní, “Ọkọ̀ yìí fẹ́ tàn mí ni. Mo ti mú un.”

Ìyá mi yè. Ó ṣì wà láyé. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi ìtàn bí bàbá òun ṣe gba òun là lójú ọ̀nà Ìtawúre kí àlejò. Ìyẹn náà wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, ojú ìwé karùn-ún. Ọmọ mi ni yóò ka èyí tí mo ń kọ yìí sí i létí. Délé mọ̀ọ́kọ, mọ̀ọ́kà, òun á ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń wọ takisí láti Ikoro lọ sí Aramọkọ. Ó ní kí n máa gbé ìwé ọkọ̀ yẹn bọ̀. Mo ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá?” Ó ní, “Kí ọjọ́ lè lọ.” Mo máa jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo máa ka Gẹ̀ẹ́sì, mo máa sọ ọ́ ní Yorùbá, ó máa di ojú. Bí Délé bá wọlé, á ní kí n gbé ìwé sábẹ́ ìrọ̀rí. Bó bá jáde, á ní, “Ka ibi ọdẹ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.” Mo ti kà á tó ìgbà ogún. Kò sọ nǹkan kan rí ju “Hùn” lọ, èmi náà kò sì bi í léèrè. Ìgbéraga ni, mo mọ̀. Mo fẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ wá.

Sátidé tó kẹ́yìn, kò jẹ́ kí n ka ibi ọdẹ dé òpin. Ó na ọwọ́, ìka rẹ̀ tutù, ó fi kan àpá ọrùn mi, láti abẹ́ etí títí dé èjìká, bí ẹni tó ń wá ibi tí wáyà ti já. Délé wà níta, mò ń gbọ́ tó ń sọ ìtàn ọ̀dà ara ògiri fún oníbàárà kan, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá tẹ́tí títí ìtàn náà fi parí. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní:

“Títí, ìwọ kọ́. Èmi ni mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ, tí mo fi mú orí. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí Délé gbọ́ o, orúkọ mi ló fi ń jẹun.”